Ọgọ́ta Kílò

Wọ́n dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́fà,
àgbẹ̀ kọfí láti Ìjùmú,
eruku ọ̀nà Kábà ṣì wà lára bàtà wọn.
Ọ̀gá mi ní kí n nu àga, kí n po kọfí,
kí àwọn tó gbìn ín wá tọ́ ọ wò.
Ogójì ọdún ni Bàbá Jẹ́miríyè ti ń roko kọfí,
kò mu ún rí.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin la ti ń yan án, ní Èbúté Mẹ́ta.
Bí reluwé bá ń kọjá, ife a máa gbọ̀n,
a ó fọwọ́ dì í mú títí yóò fi lọ.
Èmi ni mo ń ṣa kóró.
Mo mọ èyí tí kòkòrò gbẹ́, èyí tí òjò bá lórí àtẹ,
èyí tí wọ́n já kó tó pọ́n
nítorí ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè owó.
Ojú àwọn tó já a ni n kò mọ̀.

Bàbá gbé ife sẹ́nu, ó sọ ọ́ kalẹ̀.
"Ọmọ mi, ṣé ó jóná ni?"
Ó bu ṣúgà síbi mẹ́rin, ó rò ó bí ẹni ro ògì,
ó béèrè iye tí wọ́n ń ta ife kan ní Ìkòyí.
Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi wo fèrèsé.
Mo sọ ọ́.
Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ó tún un ṣírò,
ó ní, "Ó dára,"
bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá.

Kì í ṣe kọfí mímu ló gbé e wá.
Àpò kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá gbé;
òun náà di etí kan mú.
Òun àti Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n nílé,
lórí òṣùwọ̀n tí ẹgbẹ́ rà, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka mángòrò,
lójú tíṣà, lójú àwọn ọmọ:
ọgọ́ta kílò.
Wọ́n fi òwú pupa rán ẹnu rẹ̀.
Ó ní òun fẹ́ gbọ́ iye tí Èkó yóò pè é.

Torí àwọn alágbàtà àtijọ́ a máa gbé òṣùwọ̀n tiwọn wá,
irin kan tó ti dípẹtà, tó ń jẹun ju ẹni tó ni ín lọ.
Àpò á jáde nílé, á di méjìdínláàádọ́ta létí títì.
Wọ́n á ní, omi ló gbẹ lára rẹ̀.
Wọ́n á ní, Bàbá, ṣé ẹ gbọ́n ju irin lọ ni?
Kò sí ìwé tó lè dá wọn lóhùn.
Èjìká nìkan ló mọ̀.

A gbé e sórí tiwa.
Nọ́ńbà ń sá lọ, ó ń sá bọ̀,
reluwé kan yọ láti Ìdó, ilẹ̀ gbọ̀n,
nọ́ńbà náà gbọ̀n,
gbogbo wa dúró dè é.
Nígbà tí ariwo tán,
ọgọ́ta.

Bàbá kò hó. Ó ṣí fìlà.
Méjìlá lórí àpò kan. Àpò mélòó lọ́dún? Ọdún mélòó?
Páànù orí ilé ni.
Oògùn tí wọn kò rà fún ìyá rẹ̀ ni.
"Wọ́n ń pè mí ní Bàbá," ló wí, "wọ́n ń yọ méjìlá."

Ọ̀gá mi ń sọ ti ẹ̀kúnwó tó ń wá láti òkè òkun,
ti kànga tí ẹgbẹ́ gbẹ́.
Òótọ́ ni. Kànga wà, omi wà nínú rẹ̀.
Ìka Bàbá ni mo ń wò lára òwú pupa,
ó ń tú u díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ tó ti sùn.

Kí wọ́n tó lọ, ó ní kí n di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ife fún òun.
Mo ní kò wúlò mọ́.
Ó ní Mọrẹ́nikẹ́ yóò gbóòórùn rẹ̀,
lẹ́yìn náà, wọn yóò dà á sídìí igi àkọ́gbìn,
kó lè mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ.
Mo dì í sínú náílọ̀n búrẹ́dì.
N kò mọ ohun tó mú mi gbé e sórí òṣùwọ̀n
kí n tó fi lé e lọ́wọ́.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà.
"Ó pé," ló wí.